Ìdìmú Kejì

Ẹ̀rọ méje ni olè náà fi sílẹ̀. Ìdìmú kan ṣoṣo ló mú lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ rú Sájẹ́ǹtì lójú nìyẹn. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń na ìka sí àwọn ẹ̀rọ ìgégi tó wà níbẹ̀ bí ẹni ń ka ewúrẹ́ lọ́jà. Méje pé. Mẹ́fà wà lórí pákó lára ògiri, wọ́n fi àkísà nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò dàgbà ju Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ lọ. Ìkeje, tó tóbi jù, wà lórí tábìlì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó orí màlúù. Irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí ká jáde láti ara rẹ̀, ó gùn kọjá eteetí tábìlì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kó yé mi," Sájẹ́ǹtì ní. "Kí ni wọ́n jí?"

"Ìdìmú."

"Kì í ṣe ẹ̀rọ?"

"Ìdìmú ni mo wí." Bàbá Agégi fi ọwọ́ kan ṣóńṣó irin gbọọrọ náà. Ọwọ́ ọ̀hún ń gbọ̀n. "Ibí ló wà. Irú ẹ̀rọ yìí, ẹni kan ò lè dá a lò lórí igi ńlá. Ẹni kan á di ẹ́ńjìnnì mú níhìn-ín, ẹnìkejì á di ṣóńṣó mú lọ́hùn-ún. Ìdìmú ẹnìkejì ni wọ́n tú lọ."

Sájẹ́ǹtì wo ọ̀gá rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò wò ó. Obìnrin tí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè ní Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sídìí tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan irin náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì sí ẹni tó tíì gbọ́ kó pariwo mọ́ ọ̀daràn kankan. Ìbéèrè rẹ̀ máa ń wọlé wẹ́rẹ́ bí omi abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Àná nírọ̀lẹ́. Èmi fúnra mi ni mo nù ún. Láàárọ̀ yìí mo ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́fà kí òórùn bẹntiróòlù lè jáde, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, aago méje ti kọjá. Kò sí mọ́."

"Ẹ fi odidi wákàtí kan wẹ̀?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Ẹ bi wọ́n dáadáa," ni ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó Bàbá Agégi ni, ó gbé igbá àgbàdo adìyẹ dání. "Ọṣẹ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá a. Ó tún bọ́. Mo ní kí n wá bá wọn fọ ẹ̀yìn, wọ́n ní ṣé mo rò pé ọmọ ọwọ́ làwọn ni."

"Ìyá, ẹ lọ fún adìyẹ lóúnjẹ," Bàbá Agégi ní.

"Mò ń lọ. Ọkọ kan, ìyàwó kan, ẹ̀rọ méje. Ẹ̀yin agbófinró, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ̀rọ orí tábìlì. "Ìyáálé mi nìyẹn. Ó ti dé ìkángun tirẹ̀. Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e lọ."

Bàbá Agégi jókòó sórí àpótí.

"Dókítà ní ọwọ́ yìí ò ní dáwọ́ gbígbọ̀n dúró. Ó ní n má gbé nǹkan tó wúwo mọ́. Mo ti gbà. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ igi ní àwọn fẹ́ gbé Ìyáálé síbi tí àwọn ọmọ á ti máa wò ó. Ọkọ̀ wọn ń bọ̀ lọ́la ní ọ̀sán. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ti fi gé igi kan kí wọ́n tó dé. Ẹyọ kan péré. Mo ti yí igi náà sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Ó nawọ́ síta. Ìtì igi kan wà lábẹ́ òrùn lóòótọ́, ó sanra ju àgbá omi lọ. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Gbọ́ kí ni, sà?"

"Ohùn ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí, ariwo ni wọ́n ń pa. Eléyìí ń sọ̀rọ̀ láti inú ikùn. Tó bá wọ igi, inú eyín yín lẹ ti máa gbọ́ ọ. Tí kò bá wá sí ìdìmú kejì, kò sí gígé."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ dìde. "Sájẹ́ǹtì, wá wo ibí."

Ihò méjì ló wà ní ṣóńṣó irin náà. Bóòtù kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀, a sì ti yí i le díẹ̀.

"Olè tó dá bóòtù padà," Sájẹ́ǹtì ní. "Ó kúkú ní ẹ̀kọ́ ilé."

"Bàbá, ta ló ń ṣe báyìí?"

"Gbogbo wa ni," Bàbá Agégi ní. "Tí o bá tú nǹkan kúrò lára ẹ̀rọ àtijọ́, kí o tó gbé nǹkan ọ̀hún sílẹ̀, o ti dá bóòtù ẹ̀ padà sójú ihò ẹ̀. Irú bóòtù yìí ò sí lọ́jà mọ́. Tó bá sọnù, ó lọ nìyẹn. A kì í rò ó. Ọwọ́ ló ń ṣe é fúnra ẹ̀." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló yé e. Ó sọ orí kodò. "Áà."

"Ẹni mélòó nínú ìlú yìí ni ọwọ́ wọn ń ṣe é fúnra ẹ̀?"

"Àwa mẹ́ta la máa ń pàdé nídìí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yìí ní gbogbo Sátidé. Èmi, télọ̀, àti mẹkáníìkì. A ti di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti tú bóòtù kan jáde. Nǹkan funfun kan wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nù ún wò. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wé bóòtù náà sínú bébà, ó fi sápò.

"Àwọ̀ wo ni gíríìsì yín, Bàbá?"

"Dúdú."

"Ta ló ń wọ ọgbà yìí láàárọ̀?"

"Kò sẹ́ni," ni ìyàwó dáhùn láti ibi adìyẹ. "Èmi, àwọn, àwọn adìyẹ mi, ìyá oníbúrẹ́dì tó ń gbé búrẹ́dì wá sí ìdáná. Ta ló tún kù? Afẹ́fẹ́."

*

Nínú ọkọ̀, Sájẹ́ǹtì ti parí ẹjọ́.

"Télọ̀ ni, mà. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ránṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó jọ Ìyáálé bí ìbejì, ìdìmú kejì ni kò ní. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wá a. Ẹni tó ń wá nǹkan fún ọdún mẹ́sàn-án, tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ síbi tí òun ò ti ní fojú kàn án mọ́, kí lẹ rò pé ó máa ṣe?"

"Jẹ́ ká lọ bi í."

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ò ju yàrá kan lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wà lójú fèrèsé. Lẹ́yìn wọn, níbi tí télọ̀ mìíràn á ti gbé àwòrán aṣọ kọ́, ẹ̀rọ ìgégi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, a fi àjákù aṣọ bò wọ́n kí òwú má bàa wọ inú wọn. Télọ̀ fúnra rẹ̀ tín-ín-rín, awò ojú rẹ̀ wà ní orí imú, téèpù ìwọ̀n rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Wọ́n jí ìdìmú Ìyáálé," Àǹtí Jẹ́jẹ́ sọ fún un.

Sísọ́ọ̀sì dúró lójú aṣọ. "Ìdìmú? Ta ló jí i?"

"Ìbéèrè tiwa nìyẹn," Sájẹ́ǹtì ní. "Ẹ má gbà á mọ́ wa lẹ́nu."

"Ẹ wá mú mi."

"A wá kí yín ni."

"Ọlọ́pàá kì í kí èèyàn láago mẹ́wàá àárọ̀." Télọ̀ rọra gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó ká aṣọ kúrò lórí èyí tó tóbi nínú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀. Òótọ́ ni, ó jọ Ìyáálé bí ìbejì. Ihò méjì wà ní ṣóńṣó irin rẹ̀, wọ́n ṣófo. Lára ògiri lókè rẹ̀, ó kan ìṣó kan, kò sì sí ohun tó gbé kọ́ ọ. "Ìṣó yẹn, mo kàn án fún ìdìmú lọ́dún tí mo ra ẹ̀rọ yìí. Ìyàwó mi ní kí n gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ọ. Mo kọ̀."

"Níbo lẹ wà láàárọ̀ yìí?"

"Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dà á láàmú, mo ní ohun tó sàn ju ìyẹn." Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ jáde, ìwé tó ti gbó, ó ń ṣí i kọjá àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà. "Ẹ wo ibí. Ọdún méje sẹ́yìn. Bàbá Agégi jẹ́ kí n wọn ìdìmú náà. Láti ihò kan sí ìkejì, ínṣì méjì àtààbọ̀. Ẹ wá wọn tèmi." Ó fa téèpù láti ọrùn. Ínṣì mẹ́ta àtààbọ̀ ni. "Kò lè wọ̀ ọ́. Kí n jí i kí n fi ṣe kí ni? Bí ìgbà tí mo jí sòkòtò ọmọ fún bàbá ọmọ ni."

Sájẹ́ǹtì wo téèpù, ó wo ihò, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ̀rọ méjèèjì jọra," Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní. "Kí ló dé tí ihò wọn ò jọra?"

"Nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ kọ́ ló ṣe ìdìmú yẹn. Igi ni. Ẹnìkan ló fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ, ó dí ihò ti tẹ́lẹ̀, ó wá lu ihò tirẹ̀ sára irin. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ ni o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó kéré. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú, ínṣì mẹ́ta péré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n, mo rò pé mo ṣìṣe ni."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó to ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí rẹ̀. Wọ́n kún ínṣì mẹ́ta rẹ́gí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fún un.

"Ẹ ti mọ̀ pé kò ní wọ̀," ó ní. "Kí ló dé tí ẹ tún wọ̀n ọ́n délẹ̀délẹ̀ báyìí?"

Télọ̀ ń da àjákù aṣọ padà bo ẹ̀rọ rẹ̀. "Àǹtí, ẹni tébi ń pa, ṣé kì í wo àwo ẹlòmíì ni?"

*

"Ó ku mẹkáníìkì," Sájẹ́ǹtì ní. "Òun ló máa ń di ìdìmú kejì mú ní gbogbo Sátidé. Ó ti mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó bá ti mọ́ èèyàn lára, ó ti di tirẹ̀ ní ọkàn ẹ̀."

"O ti ń ronú báyìí," Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní. Sájẹ́ǹtì ò mọ̀ bóyá ìyìn ni.

Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n bá mẹkáníìkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi dárúkọ ìdìmú. Nígbà náà ni gbogbo ara rẹ̀ jáde, ó sanra, ọ́ìlì bò ó dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ìdìmú burúkú yẹn? Ẹni tó jí i bá mi ṣe é! Ẹ wo ọwọ́ mi." Ó na àtẹ́lẹwọ́ tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá. Ìka yìí, èyí tó kéré jù yìí, kò ríbi jókòó rí lórí ìdìmú yẹn. Ìta ló máa ń dúró sí bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Mo ní kí n gbẹ́ òmíràn fún Bàbá, wọ́n ní rárá, bí àwọn ṣe rà á ni àwọn á ṣe lò ó."

"Ẹ ò wá jí i?"

"Kí n jí ohun tó ń fún mi lọ́wọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kúrú. "Àǹtí, ṣé wọ́n máa rí i kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́? Bàbá yẹn ò sùn mọ́ nítorí igi kan yìí. Mo lè gbẹ́ ìdìmú mìíràn lóru yìí, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà. Mo mọ̀ wọ́n."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ tú bébà, ó na bóòtù sí i. "Ẹ bá mi gbóòórùn eléyìí."

Mẹkáníìkì gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bọ́tà," ó ní.

"Ta ló ń fi bọ́tà sára bóòtù?" Sájẹ́ǹtì béèrè. "Ṣé ó fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Ẹ dúró ná. Ẹ dúró." Mẹkáníìkì jókòó sórí táyà. "Mo ti rí èyí rí. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí Bàbá ra Ìyáálé lọ́wọ́ oní-irin-jákujàku, gbogbo bóòtù ara ẹ̀ ló rí báyìí. Gbogbo wọn. Ọjọ́ méjì la fi bẹntiróòlù fọ̀ wọ́n. A rẹ́rìn-ín títí. A ní ẹni tó ni ẹ̀rọ yìí tẹ́lẹ̀, tí kò bá rí igi gé, á fi ẹ̀rọ jẹ búrẹ́dì."

"Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?"

"A ò mọ̀. Oní-irin ní ilé tí wọ́n ti ṣòfò lòun ti kó o jáde, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kóun wọlé. Ọkùnrin náà ti kú tipẹ́."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ gba bóòtù rẹ̀. Ó dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, kò jẹ́ kí Sájẹ́ǹtì wa ọkọ̀ lọ.

"Jẹ́ ká rò ó pọ̀," ó ní. "Olè yìí wọ ibi tí ẹ̀rọ méje wà. Kò fẹ́ ẹ̀rọ. Kò fẹ́ ohun tó lè tà. Ìdìmú ló fẹ́, ìdìmú tí kò lè wọ ẹ̀rọ mìíràn láyé. Ọwọ́ ẹ̀ mọ iṣẹ́, ó dá bóòtù padà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàbá Agégi kọ́ ló ti kọ́ ọ, torí gíríìsì dúdú wà nínú agolo lórí tábìlì níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Bọ́tà ló fi sí i. Ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ ìyẹn?"

"Ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kú."

"Irú ilé wo ni gíríìsì ti wọ́n tí bọ́tà ò sì wọ́n?"

Sájẹ́ǹtì la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. "Ilé búrẹ́dì."

"Gbogbo ọkùnrin tó di ìdìmú yìí mú ló ń sọ pé ó kéré. Kò kéré. Àwọn ni wọ́n tóbi. Ẹni tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún, ó bá ọwọ́ ẹ̀ mu." Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sójú fèrèsé ọkọ̀. "Láti àárọ̀ la ti ń wá ọkùnrin, Sájẹ́ǹtì. Ẹ̀rọ ló tàn wá."

*

Iná ti kú nínú ààrò nígbà tí wọ́n dé ilé búrẹ́dì ní ọ̀sán. Àwo búrẹ́dì òfìfo wà lórí ara wọn títí dé àjà. Ìyá oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, obìnrin kúkúrú tí irun rẹ̀ ti funfun tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ò fi mọ̀ bóyá ewú ni àbí ìyẹ̀fun.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ pẹ́," ó ní. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí yín."

Ó bọ́ sẹ́yìn ààrò, ó padà wá pẹ̀lú ìdìmú náà nínú aṣọ àpò ìyẹ̀fun. Ó gbé e sórí itan. Ìka rẹ̀ mẹ́rin wọ ibi tí igi náà ti jẹ wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ipò tirẹ̀, kò sì wò ó kó tó dì í mú.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ fa àpò mìíràn, ó jókòó.

"Igi ni ààrò yìí ń jẹ," ìyá oníbúrẹ́dì ní. "Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, a ò lágbára láti gba ẹni tó máa bá wa gé e. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, tá a bá ti ta búrẹ́dì tán, èmi àti bàbá ọmọ mi á wọ igbó. Ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn ní ìdí ẹ́ńjìnnì, èmi ní ṣóńṣó. Irin ni ìdìmú tó bá ẹ̀rọ náà wá, ó tóbi, ó ń bó mi lọ́wọ́. Mo ń fi ọwọ́ ọ̀hún po ìyẹ̀fun, iyọ̀ inú ẹ̀ ń ta mí. Mi ò sọ fún wọn. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lára ìyẹ̀fun lọ́jọ́ kan. Wọ́n da ìyẹ̀fun náà nù, gbogbo ẹ̀, lọ́jọ́ tí a ò ní òmíràn. Wọ́n wá jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn, wọ́n gbẹ́ eléyìí."

"Bọ́tà ńkọ́?"

"Gíríìsì dà? Ohun tá a fi ń pa àwo búrẹ́dì la fi ń pa bóòtù. Èmi ni mo ń tú u, èmi ni mo ń dá a padà. Wọ́n ní ọwọ́ mi ló lè wọbẹ̀." Ó yí ìdìmú náà. "Nígbà tí wọ́n kú, ọjọ́ kẹjọ, mo ní kí oní-irin wá kó gbogbo ẹ̀ lọ. Mi ò lè máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Mo rò pé wọ́n máa yọ́ ọ ni. Mo fẹ́ kí wọ́n yọ́ ọ."

"Wọn ò yọ́ ọ."

"Lẹ́yìn ọdún kan, ní Sátidé kan, mo gbọ́ nǹkan láti òkèèrè. Mo wà nídìí ààrò. Mo jáde sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ pọ̀ láyé. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún jáde. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rò pé afẹ́fẹ́ ni mo ń gbà." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò lọ wò ó rí. Tó bá jẹ́ òun ni, kí ni mo fẹ́ ṣe? Tí kò bá jẹ́ òun ńkọ́? Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri fún mi ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù yìí, ni mo bá ń gbé e fúnra mi. Lọ́jọ́rú, mo gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá. Mo rí i lórí tábìlì. Ìyá ilé yẹn ní, 'Ẹ bá mi kí ìyáálé mi pé ó dìgbóṣe, Sátidé ni wọ́n ń gbé e lọ.' Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá a rẹ́rìn-ín."

"Ẹ lè tọrọ ìdìmú náà lọ́wọ́ Bàbá, Ìyá."

"Kí n ní kí ni? Pé ẹ fún mi ní ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ pé kí wọ́n gbé dànù?"

Sájẹ́ǹtì, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wo bàtà rẹ̀.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ wá rọra sọ fún un nípa igi tó wà lábẹ́ òrùn, nípa ọwọ́ Bàbá Agégi, nípa ọṣẹ, nípa ìdìmú mìíràn tí mẹkáníìkì fẹ́ gbẹ́. Ó ní bàbá náà ò fẹ́ ju kó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lọ.

Ìyá oníbúrẹ́dì wé ìdìmú náà padà sínú aṣọ àpò.

"Ṣé gbígbọ̀n ọwọ́ ọ̀hún pọ̀?"

"Ó pọ̀."

"Ta ló máa di ṣóńṣó mú fún wọn?"

"Mẹkáníìkì."

"Ọwọ́ ẹ̀ tóbi jù." Ó ti dìde. Ó ń nu iwájú aṣọ rẹ̀, ìyẹ̀fun ń fò. "Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, tí ẹnìkejì ẹ̀ bá ń fà, ẹ̀rọ yẹn á ta á dànù. Kì í ṣe fífà. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbẹ́ nǹkan kan. Lọ́la, lẹ́yìn búrẹ́dì, olè ń bọ̀."

*

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó Bàbá Agégi gbé àga síta fún gbogbo èèyàn, òun fúnra rẹ̀ kò jókòó. Télọ̀ wá pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Mẹkáníìkì ti da epo sínú Ìyáálé, ó ti fi fáìlì pọ́n eyín ṣéènì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá oníbúrẹ́dì wọlé láti ẹnu ọ̀nà iwájú lọ́tẹ̀ yìí. Ó kúnlẹ̀, ó na ìdìmú náà sí Bàbá Agégi.

"Ẹ má bínú."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dìde." Bàbá náà ò gbà á. "Ẹ fi sí i fúnra yín. A ò mọ̀ ọ́n fi sí i tó yín."

Sájẹ́ǹtì ti mú ìwé ẹ̀sùn jáde. "Bàbá, kí ni ká kọ síbí? Olè ni àbí kì í ṣe olè?"

"Kọ ọ́ pé ẹni tó ni ín ló mú un."

"Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí nínú ìwé yìí, sà."

"Fà á ya," Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní. Ó fà á ya.

Ìyá oníbúrẹ́dì so ìdìmú mọ́ ṣóńṣó irin. Wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe ń wo oníṣẹ́ abẹ. Nígbà tó yí nọ́ọ̀tì ìkẹyìn tán, Bàbá Agégi ní, "Lẹ́yìn tá a bá gé igi yìí, ẹ tú u, kí ẹ mú un lọ. Ilé ẹ̀kọ́ á gba ẹ̀rọ láìsí ìdìmú."

Ìyá oníbúrẹ́dì mi orí. "Rárá. Mo ti rò ó ní gbogbo òru. Tí wọ́n bá gbé e lọ láìsí eléyìí, irọ́ ló máa pa fún àwọn ọmọ yẹn. Wọ́n á rò pé ọkùnrin kan ló dá a lò. Kó máa lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé obìnrin ló wà níbí."

"Màá kọ ọ́," télọ̀ ní. Ó ti ṣí ìwé rẹ̀. "Ẹ na ọwọ́ yín, Ìyá. Màá kọ ìwọ̀n ẹ̀ sí i pẹ̀lú."

Bàbá Agégi ò lè fa okùn ẹ̀rọ náà mọ́, mẹkáníìkì ló bá a fà á. Lẹ́ẹ̀kan, kò jẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì, ó wúkọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin èéfín búlúù jáde, àwọn adìyẹ sá wọ abẹ́ ilé, Ìyáálé sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bàbá Agégi mọ ohùn náà gan-an. Òótọ́ ló sọ: inú eyín ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì gbé e lé igi. Obìnrin náà kò fà, kò tì. Ó kàn ń bá a lọ sílẹ̀ bí igi ṣe ń gbà á, èérún igi tútù ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Gbogbo ara ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n, ìdìmú ń gbọ̀n, apá wọn méjèèjì ń gbọ̀n dé èjìká, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ mọ́ pé ọwọ́ bàbá náà ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rí i. Ó yí ojú sí ògiri, ó fi etí gèlè nu ojú.

Igi já. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Bàbá Agégi pa ẹ́ńjìnnì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbọ́ bí irin náà ṣe ń tutù.

Ìyá oníbúrẹ́dì ò tíì ju ìdìmú sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára igi tó já.

"Nígbà tẹ́ ẹ bá gé e tán," Bàbá Agégi béèrè wẹ́rẹ́, "kí ni bàbá ọmọ yín máa ń sọ fún yín?"

"Wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn dúró. Wọ́n ní èmi ni kí n kọ́kọ́ jù ú sílẹ̀."

Bàbá Agégi mi orí pé ó yé òun. Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé, ó di ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ mú dáadáa, ó dúró.

Níta, ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dé ẹnu géètì. Ó fun fèrè. Kò sí ẹni tó yíjú. Ó tún fun un. Àǹtí Jẹ́jẹ́ dìde láti orí àga rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn àwọn èèyàn kọjá, ó rìn lọ bá awakọ̀ náà lójú fèrèsé rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti ṣetán?" ni awakọ̀ béèrè.

"Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yín," ó ní. "Ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá mu omi."